Ohun Tó Ń Pa Àwọn Àgbọ̀nrín Àlàájì

Mo rántí àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ mọ̀ pé àgbọ̀nrín a máa gbó. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: kí àgbọ̀nrín máa gbó, bí ajá! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà tó gbé mi wá láti Òkè-Sópẹ́n, mo dúró lẹ́nu géètì ọgbà ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ́nà Mamu, ìrì ṣì wà lórí koríko, báàgì aṣọ mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe ní kí n kan géètì ni nǹkan kan bú jáde nínú igbó, "Háù!", ohùn náà nípọn, ó sì sún mọ́ mi. Mo ju báàgì sílẹ̀, mo kọjú sí ọ̀nà tí mo gbà wá, nítorí èmi àti ajá kì í ṣọ̀rẹ́. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn géètì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. "Ajá kọ́ lèyẹn," ló wí. "Akọ àgbọ̀nrín ni. Ṣé ìwọ ni wọ́n ní ó kàwé nípa ẹran?"

Èmi ni. Mo ti jáde ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, mo ti sìnrú ìlú tán, mo ti wáṣẹ́ títí bàtà mi fi jẹ. Nígbà tí ìyá mi rí i pé mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sùn dọ̀sán ló lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ni gbogbo ayé ń pè ní Àlàájì. Mùsùlùmí ni wọ́n bí ìyá mi, olùkọ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà ló fẹ́, nítorí náà nílé wa a máa ń jẹ ìrẹsì Kérésì, a sì máa ń jẹ ẹran Iléyá, ẹnikẹ́ni kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àlàájì bi mí lórí fóònù pé kí ni mo kà. Mo ní ìmọ̀ ẹran ọ̀sìn. Ó ní, ṣé àgbọ̀nrín wà nínú rẹ̀? Mo ní, "Ó wà níbẹ̀ dáadáa, sà." Adìẹ ni wọ́n kọ́ wa, àti ẹlẹ́dẹ̀, àti ewúrẹ́. Àgbọ̀nrín tí mo mọ̀ jù nígbà náà ni èyí tó wà nínú ọbẹ̀.

Gẹdú ni Àlàájì fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú-Igbó mọ bí lọ́rí agbégẹdú ṣe ń kérora kọjá láàárín ìlú, tí ilẹ̀ á máa mì. Nígbà tí igbó ti tán lọ, tí eékún rẹ̀ náà sì ti ń dùn ún, ó wo ìwọ̀nba igbó tó kù lórí ilẹ̀ baba rẹ̀, ó ní òun ti gé tó, ó yá kí òun sin díẹ̀. Ó gbàwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba, ó fi wáyà gíga yí igbó náà ká, ó sì bá àwọn ọdẹ apá Ogun Wọ́tásáìdì sọ̀rọ̀ pé ọmọ àgbọ̀nrín tí wọ́n bá rí láàyè, kí wọ́n gbé e wá láàyè. Báyìí ni wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin tó rẹ́rìn-ín mi lẹ́nu géètì ni olùtọ́jú wọn. Ọ̀rẹ́ Àlàájì láti mọ́ṣáláṣí ni, màlúù ló ń pa tà kó tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà Alápatà ni gbogbo wa ń pè é. Ọ̀bẹ rẹ̀ kò fẹ̀yìn tì ní tirẹ̀. Ó máa ń wà ní ìbàdí rẹ̀ nínú aṣọ, ó mú tó bẹ́ẹ̀ tí mo kórìíra kí n jókòó sí apá ibẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn lọ́dún yẹn! Mo ń jí kí àkùkọ tó kọ. Mo fẹ́ rí wọn nígbà tí wọ́n bá jáde wá mu omi, àwọ̀ wọn pupa bí obì, ìlà funfun àti àmì tótòtó lára wọn bí ẹni tó fi ẹfun tọ́ ọ, etí wọn ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Abo kan wà láàárín wọn tí à ń pè ní Ìyàwó, torí ó máa ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń sìn lọ ilé ọkọ, ó sì ti lóyún. Òun ni Àlàájì fẹ́ràn jù. Mo fi fóònù ya á, mo ju fọ́tò náà sí orí Wásáàpù, kí n tó mọ̀, àwọn ará ìlú ti ń wá wò wọ́n lọ́jọ́ Sátidé àti lẹ́yìn Jímọ̀. Wọ́n á gbọn wáyà, wọ́n á súfèé, àwọn kan á gbó padà sí akọ àgbọ̀nrín náà. Èmi ni mo máa ń mú wọn káàkiri, mo wé gèlè bí ẹni tó lọgbà.

Ìgbà òjò ni wàhálà dé. Lọ́jọ́ kan, Alápatà rí ọ̀kan tó fi orí kọ́lẹ̀, tí irun rẹ̀ rí wúruwùru, tí kò bá àwọn yòókù jẹun. Ó ké sí wa. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé tí wọ́n ti ń sin ewúrẹ́ mọ igbe náà: "Ẹ mú ọ̀bẹ wá o, ẹran ń kú lọ!" Nínú ẹ̀sìn Àlàájì, ẹran tó bá fúnra rẹ̀ kú, òkúǹbete ni, kò ṣeé jẹ. Nítorí náà, ẹran tó bá ti ń ṣe ségesège, ẹ̀mí rẹ̀ kò gbọdọ̀ bọ́ kí ọ̀bẹ tó dé ọ̀fun rẹ̀. Nílé wa tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, bẹ́ẹ̀ là ń ṣe, nítorí ta ló fẹ́ kí ẹran ṣòfò? Alápatà bá fa ọ̀bẹ yọ, èmi àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tún wáyà ṣe tẹ̀ lé e, a wọ inú ọgbà, ó di eré.

Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ mi nínú! A lé ẹran náà yí igbó ká, a pariwo, a na ọwọ́, a dí i lọ́nà níbí, ó fò gba ọ̀hún kọjá. Gbogbo àwọn yòókù náà ń sá, wọ́n ń forí sọ wáyà, wọ́n ń fò lé ara wọn. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, Alápatà mú un, ó ṣe Bìsìmílà, ó dúńbú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a ti pín ẹran dé Ìjẹ̀bú-Igbó, a ti jẹ tiwa, Àlàájì sì ti ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run fi èyí ṣe ìparun burúkú. Ẹnikẹ́ni kò sunkún. Ẹran tí èèyàn bá ti jẹ, èèyàn kì í ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni òmíràn bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ le gan-an, ó ń wọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n na. Igbe, ọ̀bẹ, eré, Bìsìmílà. Lẹ́yìn èyí, òmíràn tún ń gbọ̀n. Igbe, ọ̀bẹ, eré. Alápatà ní àrùn burúkú ti wọ ọgbà, ó ń tọ̀ wọ́n lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àlàájì kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ojú rẹ̀ bá yí sọ́dọ̀ mi, ojú gbogbo wọn yí sọ́dọ̀ mi, nítorí èmi ni mo kàwé.

Mo mú un ní ọ̀kúnkúndùn! Ìmúra mi nígbà náà, àfi bí ọlọ́pàá tó ń wá olè. Mo kọ́kọ́ mú èèpo ẹ̀gẹ́. Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí lẹ́bàá ọ̀nà a máa kó èèpo tútù fún wa, mo sì mọ̀ pé májèlé wà nínú èèpo ẹ̀gẹ́ tí oòrùn kò tíì pa. Mo ní kí wọ́n má gbé e wá mọ́. Àgbọ̀nrín ṣì ń ṣàìsàn. Mo mú ewé kan lẹ́yìn odò tó gba inú ọgbà kọjá, mo ní òun ni, mo fi odindi ọ̀sán hú u tegbòtegbò. Wọ́n ṣì ń ṣàìsàn. Mo mú eégbọn, mo mú aràn, mo mú omi. Lọ́jọ́ tí mo ń ṣàlàyé ti aràn fún Àlàájì, Alápatà ní, "Ọmọ yìí, àgbọ̀nrín èṣí lo tún ń jẹ lọ́bẹ̀. O ti sọ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Ìgbà náà ni mo wá gbé ọgbọ́n ńlá mi kalẹ̀. Mo ní kí a mú gbogbo wọn, gbogbo wọn pátá, kí a gún wọn lábẹ́rẹ́ aràn àti abẹ́rẹ́ agbára. Àlàájì gbà. A gba àwọ̀n lọ́wọ́ àwọn apẹja Ogun Wọ́tásáìdì, àwọn ọmọkùnrin láti ibi tí wọ́n ti ń la igi wá ràn wá lọ́wọ́, àwọn èrò ìworan sì tò sí ẹ̀gbẹ́ wáyà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bí ìgbà tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí la fi ń lé, tí à ń dè, tí à ń gún. Òógùn bò mí, inú mi dùn, mo rò pé mo ti gba ayé là. Ìyàwó nìkan ni a kò rí mú, ṣùgbọ́n a lé òun náà títí tí itọ́ fi ń dà lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn tí ara wọn dá ṣáká kí a tó gún wọn lábẹ́rẹ́ ni ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í le gbagidi lẹ́yìn rẹ̀, Alápatà sì ń dú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlàájì wá sí ọgbà, ó dúró, ó wò wọ́n, ó ń yí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mi ò lè máa wo ìparun yìí lọ. Bí òmíràn bá tún ṣe báyìí, màá ní kí àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lójú títì wá kó gbogbo wọn. Àti Ìyàwó náà. Kí wọ́n kó o tán, kí n mọ̀ pé ó tán." Kì í ṣe iṣẹ́ ni mo ń rò. Ìyàwó ni mò ń rò, tí wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí onímọ́tò ń bèèrè iye rẹ̀ láti ojú wíńdò.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, mo lọ bẹ dókítà ẹran kan tí ọ̀rẹ́ mi júwe fún mi. Obìnrin ni, ó wé ìborùn tó bo àyà, ó ń yára sọ̀rọ̀, ó sì ń yára rìn ju bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó bá mi dé ọgbà lọ́jọ́ kan náà. Ó kúnlẹ̀ kí Àlàájì àti Alápatà, ó sì bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, òkú wọn dà?"

Alápatà wò mí, mo wo Àlàájì.

"Òkú èwo?" ni Àlàájì wí. "Kò sí èyí tó kú. A tètè ń dú wọn."

"Gbogbo wọn?"

"Alàmùdù lílàì, gbogbo wọn."

Dókítà náà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ ní àrùn ń pa ẹran yín, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹran kan tí ẹ jẹ́ kí àrùn náà pa. Kí ni mo fẹ́ wò? Ikùn yín?" Mo rò pé Àlàájì máa bínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Dókítà wá rọ ohùn rẹ̀. Ó ní, "Èmi náà kì í jẹ òkúǹbete, mi ò sì ní kí ẹ jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n wò ó ni mo wí. Èyí tó bá tún ṣàìsàn, ẹ fi sílẹ̀. Bó bá máa yè, kó yè. Bó bá máa kú, kó kú fúnra rẹ̀, kí n là á, kí n rí i." Ó ní kí òun tó dé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú ọgbà. Alápatà fi ọwọ́ pa ojú. Fún un, ohun tí obìnrin yìí ń sọ dà bí kí wọ́n ní kí èèyàn da ọbẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè mọ̀ bóyá iyọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo ti ń sáré bọ̀ ní ọgbà nítorí pé mo gbọ́ igbe Alápatà lọ́nà jíjìn. Akọ àgbọ̀nrín, èyí tó gbó mọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ló dúró lẹ́bàá odò, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le bí òpó, ọrùn rẹ̀ wọ́. Lábẹ́ igi kan lókè odò, Ìyàwó náà sùn sílẹ̀, kò gbé orí. Alápatà ti fa ọ̀bẹ yọ. Mi ò mọ ohun tó gbé mi, mo kàn rí i pé mo ti na apá méjèèjì lẹ́nu géètì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọlé!"

"Kúrò lọ́nà, ọmọ. Ọlọ́un má jẹ̀ẹ́! Ṣé o fẹ́ kó kú dànù ni? Akọ tó tóbi báyìí!"

"Kó kú dànù, sà!"

"Kí lo wí?"

"Mo ní kó kú dànù!" Omijé ti ń bọ́ lójú mi, síbẹ̀ mo ń pariwo mọ́ àgbàlagbà, èmi tí ìyá mi kọ́ láti kúnlẹ̀ kí onílé àti àlejò. Alápatà gbé ọwọ́ kan sókè, mo rò pé yóò gbá mi létí. Ṣùgbọ́n Àlàájì ti dé lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo akọ náà. Ó wo Ìyàwó, ó sì pẹ́ tó ti ń wò ó. Mo mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀: bí ó bá ní kí Alápatà wọlé, a ó jẹ ẹran lónìí, àwọn oníṣòwò ojú títì yóò sì wá kó ìyókù lọ́la. "Ti ọ̀bẹ yẹn bọ àkọ̀," ló wí. "Ó dọwọ́ Ọlọ́run. Ìwọ, pe dókítà rẹ."

Akọ náà ṣubú kí ọ̀kadà dókítà tó dé. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Mo wo bí ó ṣe ń mí, tí ó mí, tí kò mí mọ́, mo sì sunkún, nítorí ìyẹn ni ẹran àkọ́kọ́ tí mo rí tó fúnra rẹ̀ kú nínú ọgbà wa. Dókítà wọ ìbọ̀wọ́, ó tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, ó là á níbẹ̀, ó sì ní kí gbogbo wa sún mọ́ ọn. Inú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dára. Aràn tó wà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọkàn mi ti ń bàjẹ́ pé a ó tún pàdánù ìdí rẹ̀ ni ó la itan ẹ̀yìn. Ẹran itan náà funfun! Kì í ṣe pupa bí ẹran tútù, ó funfun ráúráú bí ẹran tí wọ́n ti bọ̀ lórí iná. Alápatà, tó ti la ẹran láti ìgbà tí ó ti wà ní géńdé, sún mọ́ ọn, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Mi ò rí irú èyí rí." Dókítà wá la àpò ìtọ̀. Ìtọ̀ tó wà nínú rẹ̀ dúdú bí tíì tí wọn kò fi mílíìkì sí.

"Eré ló pa á," ni dókítà wí.

Kò yé wa. Ó ní kì í ṣe àrùn tó ń ràn. Ó ní ẹranko ìgbẹ́ kì í ṣe ewúrẹ́. Ewúrẹ́ tí a lé yóò sinmi, yóò gbàgbé. Àgbọ̀nrín tí a lé títí, tí jìnnìjìnnì bá, tí kò sì rí ibi sá gbà nítorí wáyà, iṣan ara rẹ̀ yóò gbóná, yóò jóná láti inú wá, ìdọ̀tí iná náà yóò dà sínú ẹ̀jẹ̀, yóò dí kíndìnrín rẹ̀. Nígbà mìíràn kì í ṣubú lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ lè kọjá kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó le. Ó wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èyí tó kọ́kọ́ ṣàìsàn, bóyá aràn ni, bóyá òtútù ni, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ mọ́, ẹ ti jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ lé e kí ẹ tó dú u. Àwọn yòókù sá. Èyí tó sá jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ le lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹ ní àrùn ti mú òmíràn, ẹ tún wọlé lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe ń bá a bọ̀."

Mo rí i pé gbogbo rẹ̀ tò lójú mi bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, ọ̀kan ń fa ọ̀kan, eré ń bí àìsàn, àìsàn ń bí eré. Ara mi yá gágá! A ti mọ̀ ọ́n! Mo tilẹ̀ pàtẹ́wọ́, kí n tó rí ojú Alápatà. Ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Àṣé nígbà tí mo ń lé ẹyọ kan, gbogbo wọn ni mò ń pa," ló wí. Àlàájì kò jẹ́ kí ó gbé ẹ̀bi náà nìkan. Ó ní, "Èmi ni mo rán ọ. Ọmọ yìí ló sì kó àwọ̀n wá. Àánú wa ló ń pa wọ́n."

Ó ku ti Ìyàwó. Dókítà wò ó láti òkèèrè, ó ní òun kò ní sún mọ́ ọn, kò sì sí abẹ́rẹ́ tí òun fẹ́ gún un, nítorí kí a tó mú un gún, a ó ti pa á. Omi lẹ́bàá rẹ̀, òjìji lórí rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ yí i ká, ìyẹn ni oògùn. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ wò ó, àwa ni wọ́n ní kí á dákẹ́ kí ara ẹlòmíràn lè yá! A gé imọ̀ ọ̀pẹ, a hun ún mọ́ wáyà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ó má baà máa rí wa. A lọ dúró sí ojú títì, a ń dá ọlọ́kadà dúró pé kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Mo lọ sórí Wásáàpù, mo ní kí ẹnikẹ́ni má wá. Àlàájì, tí ikọ́ máa ń yọ lẹ́nu, lọ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ lọ́nà jíjìn, ó ti gíláàsì, ó ń wúkọ́ síbẹ̀.

Ẹ má bi mí bí ó ti rí. Mi ò tíì ṣe iṣẹ́ tó le tó kí èèyàn má ṣe nǹkan kan. Gbogbo ara ń yún mi. Mo fẹ́ wò ó, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ń mí. Nígbà kan, mo fi àyà wọ́ lọ sábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ láti yọjú, ni ẹnì kan bá di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú, ó ń fà mí padà. Alápatà ni. Ó fi ẹnu sí mi létí, ó ní, "Ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n." Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo fi ìborùn dí ẹnu. Ọkùnrin tó máa ń kọ́kọ́ fi igbe ta wá jí ti di olórí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn.

Ìrọ̀lẹ́ kan ló ṣẹlẹ̀. Àlàájì ti ṣe àdúrà Ásárì tán, ó wá bá wa lẹ́yìn ògiri imọ̀ náà, a jókòó bí àwọn tó ń retí ọkọ̀. Alápatà ló fojú sí àlàfo kan, tó sì fi ọwọ́ gbá mi lápá. Mo wò. Ìyàwó ti gbé orí. Etí rẹ̀ yí. Ó fi ẹsẹ̀ iwájú gún ilẹ̀, ó ṣubú, ó tún gbìyànjú, ó dìde! Ó dúró, ó gbọ̀n, ikùn rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, ó rìn lọ jẹ́jẹ́ bí ó ṣe máa ń rìn, ó tẹ orí ba, ó mu omi. Mo la ẹnu láti kígbe, Àlàájì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu mi. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹnì kan bá kọjá níbẹ̀, yóò ní orí wa ti dàrú: Àlàájì, Alápatà àti èmi ń jó. A ń jó láìsí orin, láìsí ariwo, a gbé apá sókè, a ń mì èjìká, omijé ń bọ́ lójú wa, ẹnu wa là gbàgà, ohùn kankan kò jáde. Mo ti jó níbi ayẹyẹ púpọ̀ láti ìgbà náà. Kò sí èyí tó dùn tó o.

A kò rí i nígbà tó bí. Bí tiwọn ti rí nìyẹn, wọn a máa fi ọmọ pamọ́ sínú ìgbẹ́ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi ranlẹ̀. A kàn ṣàkíyèsí pé ikùn rẹ̀ ti fà, ó sì ń jẹun bí ẹni tó gbààwẹ̀. Lẹ́yìn náà, lówùúrọ̀ kan, nǹkan kékeré kan tẹ̀ lé e jáde, ó fò lásán, ó tún fò, bí ẹni tó ń dán ẹsẹ̀ tuntun wò. Àlàájì ò pe oníṣòwò ojú títì kankan. Ìgbà tí ó bá fẹ́ ẹran báyìí, a ti ní ọgbà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó fi oúnjẹ tan ọ̀kan wọ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Alápatà yóò sì ṣe Bìsìmílà rẹ̀ láìsáré.

Èmi ni mò ń bójú tó ọgbà náà lónìí. Àlàájì ti darúgbó, ó ń fi ọ̀pá rìn wá. Àgbọ̀nrín wa ṣì ń kú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ejò á bu ọ̀kan jẹ, aràn á pa òmíràn, ogbó á mú òmíràn lọ, ṣùgbọ́n a máa ń jẹ́ kí èyí tó ń kú kú ikú ara rẹ̀, dókítà á wá là á, a ó sì mọ ohun tí a ó ṣe fún àwọn tó kù. Òfò ẹran kan ń gba ọ̀pọ̀ là. Ó gba Àlàájì ní àkókò kó tó lè sọ gbólóhùn yẹn láìfajú ro.

Àwọn èrò ṣì ń wá láti Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Òde, pàápàá lásìkò ọdún. Mo máa ń ní kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n pa fóònù, kí wọ́n jókòó lẹ́yìn ògiri imọ̀ ọ̀pẹ, kí wọ́n máa wo inú àlàfo. Wọ́n á jókòó títí, wọn ò ní rí nǹkan kan àyàfi igbó, ewé, àti ibi tí koríko ti mì díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń lọ, wọ́n máa ń fajú ro. Obìnrin kan tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá lọ́dún tó kọjá sọ ọ́ sí mi lójú. "Àǹtí, ọ̀nà jíjìn la ti wá, a ò rí ẹyọ kan."

Mo dì í mọ́ra. "Ẹ bá wa yọ̀, mà," ni mo wí. "Ara wọn le ni ẹ ò fi rí wọn."